Ẹ má gé etí máàpù ọ̀sà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú ìtọ́jú èdè wa. Ọ̀rọ̀ etí máàpù ló mú wa kọ ìwé yìí sí yín láti Ọ̀yọ́. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta báyìí tí àwọn ìwé ìròyìn, àwọn tó ń ta ilẹ̀ àti àwọn tó fẹ́ràn ìtàn ti ń gbé máàpù àtijọ́ ti ọ̀sà Èkó jáde, pẹ̀lú ti Ẹ̀pẹ́, ti Lẹ́kí àti ti Àgbádárìgì. Wọ́n á gbé àwòrán tí sátẹ́láìtì yà lóde òní sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á ní ká wá wo bí ayé ṣe yí. Ohun tó dára ni, inú wa sì ń dùn sí i. Ibi tó ti ń dùn wá ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo èyí tí a ń rí ni wọ́n ti gé etí rẹ̀ dànù. Etí tí à ń wí ni ibi funfun tó yí àwòrán náà ká, níbi tí ọdún wà, tí síkéèlì wà, tí nọ́ńbà ìlà òòró àti ìlà ìbú wà, tí wọ́n ti ṣàlàyé àmì kọ̀ọ̀kan. Àárín nìkan ni wọ́n ń fi sílẹ̀ torí pé òun ló lẹ́wà. Ẹni tó bá gé etí máàpù ti sọ ẹlẹ́rìí di odi.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan ará Ọ̀yọ́ àti ará Ògbómọ̀ṣọ́ nínú omi Èkó. Odò Ògùn tó ṣẹ̀ lápá Ṣakí, tó gba ìwọ̀ oòrùn Ọ̀yọ́ lọ sí Abẹ́òkúta, inú ọ̀sà Èkó ló ń dà sí. Odò Ọbà tí wọ́n sé fún omi ẹ̀rọ Ògbómọ̀ṣọ́ ń wọ inú Ọ̀ṣun, Ọ̀ṣun sì ń wọ ọ̀sà lápá Ẹ̀pẹ́ àti Lẹ́kí. Àgbàrá wa ni àwọn ará ìsàlẹ̀ ń gbà. Yàtọ̀ sí ìyẹn, owó àwọn ọmọ wa pọ̀ nínú ilẹ̀ Ìbẹ̀jú, Lẹ́kí àti Ìkòròdú, máàpù àtijọ́ tí wọ́n gé létí sì wà lára ohun tí àwọn oníjìbìtì fi ń rà wọ́n níyè. Ọ̀yọ́ náà sì ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀ tó jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ wà lónìí, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1908. Ọdún 1908 yẹn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ju òkúta sí ẹnu ọ̀sà. A ó padà sórí ìyẹn.

Kì í ṣe irú kan ni máàpù ọ̀sà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ kan náà ni a ń pè wọ́n. Àwọn tó dàgbà jù jẹ́ ti awakọ̀ ojú omi. John Hawley Glover, tí àwọn ará Èkó sọ ní Ọba Gòlóbà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ọkọ̀ àti okùn wọn omi náà, kí ó tó di alákòóso Èkó ní àwọn ọdún 1860. Jíjìn omi ló jẹ irú máàpù bẹ́ẹ̀ lógún, kì í ṣe ilẹ̀. Fáátọ́mù ni wọ́n fi ń kà á, fáátọ́mù kan sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6, ìyẹn mítà 1.83. Ibi tí omi bá fà sí jù ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ ìkà, kí ọ̀gá ọkọ̀ má baà gbẹ́kẹ̀ lé omi tí yóò fà lọ. Máàpù ilẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àárín méjì ìkún àti ìfà òkun ni tirẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Èkó, ìkún àti ìfà fi nǹkan bíi mítà kan jura. Ẹni tó bá so máàpù omi pọ̀ mọ́ ti ilẹ̀ láìwo etí àwọn méjèèjì lè ṣì tó ìdajì mítà, nínú ọ̀sà tí ọ̀pọ̀ ibi rẹ̀ kò jìn ju mítà kan àbọ̀ lọ bí wọn kò bá gbẹ́ ẹ. Àṣìṣe yẹn kì í ṣe kékeré níbẹ̀.

Lẹ́yìn ti awakọ̀ ni máàpù ìlú, irú èyí tí W. T. G. Lawson yà fún Èkó ní 1885, tó fi òpópónà àti agboolé hàn. Èyí tó dé kẹ́yìn ni máàpù ilẹ̀ gan-an, tó ń fi òkè, àfonífojì, odò, àbàtà, ọ̀nà àti abúlé hàn papọ̀. Nígbà ìjọba àwọn òyìnbó, síkéèlì 1:125,000 (ìyẹn ni pé ìwọ̀n kan lórí ìwé dúró fún 125,000 irú rẹ̀ lórí ilẹ̀) àti 1:62,500 ló wọ́pọ̀. Lẹ́yìn náà ni 1:100,000 àti 1:50,000 dé, èyí tí wọ́n fi àwòrán tí bàálù yà láti òkè ṣe, àwọn ọdún 1960 sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwòrán wọ̀nyẹn ti wá. Irú ti 1:50,000 yìí ló wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, òun ni a ó sì sọ̀rọ̀ lé lórí jù.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí ènìyàn ṣe ń béèrè rẹ̀, torí ẹni tó bá dé ọ́fíìsì tó ní “ẹ fún mi ní máàpù Lẹ́kí” yóò dúró pẹ́. Wọ́n ti pín gbogbo Nàìjíríà sí abala onígun mẹ́rin. Abala kọ̀ọ̀kan ní 1:100,000 jẹ́ ìdajì digíríì lóòró àti níbùú, ó sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Igun òkè pátápátá níhà ìwọ̀ oòrùn ni nọ́ńbà ti bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ sí ìlà oòrùn, ó ń sọ̀ kalẹ̀ bí ìgbà tí a ń kàwé. Ògbómọ̀ṣọ́ wà ní 222, Ọ̀yọ́ ní 241, Ìbàdàn ní 261, etíkun sì wà nísàlẹ̀ wọn, nítorí náà nọ́ńbà tirẹ̀ tóbi jù wọ́n lọ. Wọ́n wá gé abala kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin fún 1:50,000: NW (àríwá ìwọ̀ oòrùn), NE (àríwá ìlà oòrùn), SW (gúúsù ìwọ̀ oòrùn), SE (gúúsù ìlà oòrùn). Nọ́ńbà àti lẹ́tà méjì yìí ni kí ẹ dárúkọ. Ọ́fíìsì awọnlẹ̀ àgbà ti ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ni ẹ ti lè rà á. Èyí tó bá ti pẹ́ gan-an, ẹ wò ó ní ilé àkójọ ìwé àtijọ́ ti ìjọba tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí ìwé ọ́fíìsì akọ̀wé àgbà ti ìjọba òyìnbó ní Èkó wà. Àwọn máàpù kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé inú fáìlì ọ̀rọ̀ mìíràn ni wọ́n ká wọn sí, bí ọ̀rọ̀ ọ̀nà tàbí ìjà ààlà. Ẹ má wo àkọlé “máàpù” nìkan.

Ọdún ló kàn. Ẹ ó rí tó ọdún mẹ́ta létí máàpù kan ṣoṣo: ọdún tí bàálù ya àwòrán, ọdún tí wọ́n lọ yẹ orúkọ àti ọ̀nà wò lórí ilẹ̀, àti ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ọdún ìtẹ̀wé ló máa ń tóbi jù, òun ni ojú ń kọ́kọ́ rí, òun ni wọ́n sì ń kọ sábẹ́ àwòrán nínú ìwé ìròyìn. Ẹ̀ẹ̀melòó ni wọ́n sì ti tún máàpù kan náà tẹ̀ láìyí ohunkóhun padà lórí rẹ̀. Omi tí ẹ ń rí lórí ìwé jẹ́ omi ọdún tí bàálù fò. Ẹ tún wo oṣù bí wọ́n bá kọ ọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni bàálù sábà máa ń ya àwòrán torí kùrukùru òjò kì í jẹ́ kó ríran, ọ̀sà sì máa ń fà sẹ́yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a bá wá fi wé àwòrán sátẹ́láìtì tí wọ́n yà ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, nígbà tí odò Ògùn kún bo bèbè, yóò dà bí ẹni pé omi ti gba abúlé, bẹ́ẹ̀ àsìkò ló yàtọ̀.

Ẹnu ọ̀sà Èkó ni a fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni àìmọ ọdún ti ń ṣini lọ́nà jù. Yanrìn ló dábùú ẹnu ọ̀sà náà tẹ́lẹ̀, ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọlé, ẹrù á dúró lójú agbami títí ọkọ̀ kékeré á fi lọ kó o. Ní 1908 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ògiri òkúta wọ inú òkun, òkúta tí rélùwéè ń kó bọ̀ láti Árọ̀ ní Abẹ́òkúta. Ògiri náà ṣe iṣẹ́ rẹ̀: ẹnu ọ̀sà jìn, ọkọ̀ ńlá ń wọlé. Ṣùgbọ́n ìgbì òkun etíkun wa máa ń ti yanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn ní gbogbo ìgbà, ògiri yìí sì dábùú ọ̀nà yanrìn. Yanrìn wá ń jọ sí apá ìwọ̀ oòrùn, ilẹ̀ ń fẹ̀ sí i níbẹ̀. Apá ìlà oòrùn, tí Bar Beach wà, kò rí yanrìn gbà mọ́, òkun sì ń jẹ ẹ́ lọ́dọọdún. Ó jẹ ẹ́ wọlé tó nǹkan bíi kìlómítà kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Eko Atlantic ní apá ìparí ẹ̀wádún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún 2000, tí wọ́n fa yanrìn láti inú òkun láti fi dí ibẹ̀ padà, tí wọ́n sì to òkúta ńláńlá yí i ká.

Ẹ wá wò ó. Ẹni tó bá gbé máàpù ìgbà 1900 lé àwòrán òde òní yóò ní etíkun kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹni tó bá mú ti 1900 àti ti 2005 yóò ké gbàjarè pé òkun ń gbé Èkó mì. Ẹni tó bá mú ti 2005 àti ti òde òní yóò ní ènìyàn ló ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ òkun. Kò sí èyí tó purọ́ nínú wọn, kò sì sí èyí tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Fún ibi yẹn, ọdún mẹ́rin ló kéré jù tí ènìyàn lè lò: kan kí ògiri tó dé, kan ní àárín, kan kí wọ́n tó kó yanrìn dé, kan lónìí. Ìwé ìròyìn tó bá fi méjì péré hàn láìkọ ọdún sí i kò tíì ròyìn.

Inú ìlú gan-an náà rí bẹ́ẹ̀. Máàpù ìgbà ayé Lawson fi omi hàn ní Ìdúmàgbò, ó fi odò tóóró hàn ní Ẹlẹ́gbàta, ó sì ya Alákòró sọ́tọ̀. Wọ́n ti dí gbogbo wọn, ìdí àkọ́kọ́ sì ni ẹ̀fọn àti ibà. Ní ìdàkejì ẹ̀wẹ̀, láyé Gómìnà MacGregor, ẹni tó ṣèjọba láti 1899 sí 1904, wọ́n gbẹ́ odò kan láàrin Èkó àti Ìkòyí, wọ́n sì tún dí òun náà nígbà tó yá. Odò MacGregor yìí kò sí lórí máàpù 1885, ó wà lórí ti àárín ọ̀rúndún, kò sí lónìí. Ẹni tí kò bá mọ ọdún máàpù ọwọ́ rẹ̀ lè rò pé awọnlẹ̀ ló gbàgbé rẹ̀.

A fẹ́ kí àwọn òǹkàwé yín fara balẹ̀ gbọ́ ti òkè àti ìsàlẹ̀, torí òun ni àwọn tó ń ra ilẹ̀ nílò jù. Lórí ọ̀pọ̀ máàpù 1:50,000 wa, ìlà pupa rúsúrúsú tó so àwọn ibi tí gíga wọn bá dọ́gba pọ̀ ń gòkè ní ẹsẹ̀ bàtà 50, 50. Ẹsẹ̀ bàtà 50 jẹ́ mítà 15.24. Ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlà wọ̀nyí á sọ gbogbo ìtàn fún yín, ẹ ó rí òkè, ẹ ó rí àfonífojì. Ní etí ọ̀sà, ibi tó pọ̀ jù lọ kò ga tó mítà 15. Nítorí náà ìlà kan kì í sí lórí rẹ̀ rárá, gbogbo rẹ̀ á tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní lórí ìwé. Àwọn aṣòwò ilẹ̀ á tọ́ka sí i pé, “Ẹ wò ó, kò sí kòtò kankan níbẹ̀.” Irọ́ gbáà! Ilẹ̀ tó ga ní mítà 14 àti ilẹ̀ tí omi ń bò lọ́dọọdún, ìrísí kan náà ni wọ́n ní lórí máàpù yẹn.

Ohun tí ẹ ó wò dípò ìlà ni àmì àbàtà: ìlà búlúù kéékèèké tó ń já, tí àmì koríko wà láàrin wọn. Àmì igi inú irà oníyọ̀, àwọn tí gbòǹgbò wọn yọ síta bí ẹsẹ̀ akàn, tún yàtọ̀ sí ìyẹn. Àlàyé àmì wọ̀nyí wà létí, ẹni tó bá gé etí kò ní mọ èyí tó jẹ́ ewé àti èyí tó jẹ́ omi. Ẹ wá nọ́ńbà kékeré tó dúró ní ẹ̀gbẹ́ àmì róbótó kékeré kan, gíga ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Ẹ wo bí ọ̀nà ṣe rìn láyé ọjọ́un pẹ̀lú: bí ọ̀nà bá yí po láti abúlé kan sí èkejì nígbà tí ilẹ̀ tààrà wà láàrin wọn, ẹ béèrè ohun tó wà láàrin náà. Àwọn tó la ọ̀nà ẹsẹ̀ yẹn mọ ibi tí omi ń gbé. Ní ìsàlẹ̀ odò Ògùn, láti Ìṣẹ́rì títí dé Àgbọ́yì tó ti wọ ọ̀sà, àbàtà ni máàpù àtijọ́ fi gbalẹ̀ ibẹ̀. Ilé ló kún ọ̀pọ̀ ibẹ̀ báyìí, omi sì ń wá ibùsùn rẹ̀ wá nígbà òjò.

Orúkọ náà ń sọ̀rọ̀, àmọ́ àwọn tó tẹ máàpù kò fi àmì ohùn sí i. “Oko” lórí máàpù lè jẹ́ oko, ó lè jẹ́ ọkọ̀, ó lè jẹ́ ọkọ́. “Odo” lè jẹ́ odò tàbí odó. Létí ọ̀sà, ìyàtọ̀ oko àti ọkọ̀ ni ìyàtọ̀ ilẹ̀ àti omi. Ẹ má dá a kà, ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ ìbílẹ̀. Ẹ sì máa ṣọ́ gbogbo ibi tó bá ń jẹ́ Ẹbúté. Bí ẹbúté kan bá jìnnà sómi lónìí, ó yẹ kí ènìyàn wádìí ohun tí wọ́n fi dí omi náà àti ìgbà tí wọ́n dí i.

Síkéèlì: sẹ̀ǹtímítà 2 lórí 1:50,000 jẹ́ kìlómítà kan. Ìyẹn jẹ́ òótọ́ lórí ìwé tí wọ́n tẹ̀ nìkan. Ní kété tí ẹ bá ti yà á ní fóònù tí ẹ sì fẹ̀ ẹ́, “1:50,000” di ọ̀rọ̀ lásán. Igi síkéèlì tí wọ́n fà sísàlẹ̀ ló ń fẹ̀ tó sì ń kéré pẹ̀lú àwòrán, òun ni kì í tanni. Òun náà ni wọ́n ń gé dànù jù, ó ṣeni láàánú.

Ìwé pàápàá ń sún kì. Abala 1:50,000 kan gba ìṣẹ́jú 15 lóòró, ìṣẹ́jú 15 níbùú (ìṣẹ́jú 15 jẹ́ ìdá mẹ́rin digíríì kan). Lágbègbè ọ̀sà Èkó, ìyẹn jẹ́ nǹkan bíi kìlómítà 27.65 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ó yẹ kó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 55.3 lórí ìwé. Ẹ fi rúlà wọn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ẹ tó gbára lé e. Bí ó bá fi mìlímítà 5 dín, mítà 250 ti sọnù láti etí kan dé èkejì. Ìsúnkì òòró àti ti ìbú kì í sì í dọ́gba, torí pé bí òwú ìwé ṣe tò ni ó ń sún kì.

Fún àwọn tó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà kan máàpù mọ́ ilẹ̀, kí ó lè bọ́ sórí àwòrán òde òní, a ó sọ ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Nọ́ńbà tó wà ní igun máàpù kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí fóònù ń kà. Ti máàpù, ìlú Minna ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò rẹ̀, lórí òpó tí àwọn awọnlẹ̀ ń pè ní L40, wọ́n sì lo ìrísí ayé ti Clarke 1880. Ti fóònù, WGS84 ni, ìyẹn ìlànà ìwọn ayé tí GPS ń lò. Ní ọ̀sà Èkó, ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀ yóò fi nǹkan bíi 100 mítà ṣì. Mìlímítà 2 péré nìyẹn lórí máàpù, ojú lè fò ó dá. Àmọ́ 100 mítà ti tó láti gbé ilé kan kúrò lórí ilẹ̀ gbígbẹ bọ́ sínú omi.

Nínú QGIS, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe máàpù, ẹ sọ fún un pé igun tí ẹ tẹ̀ jẹ́ ti Minna, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ ni EPSG:4263. Bí ẹ bá lo àpótí mítà tó wà lórí máàpù dípò digíríì, EPSG:26391 ni, ìyẹn abala ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà tí ìlà àárín rẹ̀ wà ní 4°30′. Ẹ wò ó dáadáa, torí àwọn máàpù kan ṣì ń lo ẹsẹ̀ bàtà nínú àpótí wọn. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yí i sí WGS84, iye ìṣíkúrò lórí X, Y àti Z tí a sábà máa ń lò fún Nàìjíríà ni −92, −93, +122 mítà. Bí kọ̀ǹpútà bá bi yín léèrè èyí tí ẹ fẹ́, ẹ má kàn tẹ àkọ́kọ́.

Ẹ tẹ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì fi àwọn àmì àgbélébùú inú máàpù kún un títí yóò fi tó 12 tàbí 16, kí wọ́n tàn ká. Ìyípadà onípele àkọ́kọ́ (èyí tí QGIS ń pè ní Polynomial 1) ń fẹ́ ó kéré tán àmì 3, òun ló dára jù fún máàpù tó wà ní ipò tó dáa, torí ó gba ìsúnkì òòró àti ti ìbú láyè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Onípele kejì ń fẹ́ 6, ẹ lò ó bí ìwé bá ti ká kò. Ẹ má lo onípele kẹta láti fi bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ó ń fẹ́ 10, nọ́ńbà àṣìṣe á kéré lójú, àmọ́ ó ń tẹ máàpù bí rọ́bà, ibi tí ẹ kò fi àmì sí á yà bàrá. Bí ìpíndọ́gba àṣìṣe bá ju mítà 25 lọ lórí 1:50,000, ìyẹn ìdajì mìlímítà, ẹ wá àmì tí ẹ tẹ̀ ní àtẹ̀ṣì.

Máàpù tó ṣáájú ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti Minna kò ní igun tí ẹ lè gbà gbọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò kúrò lójú kan ni ẹ ó wá. Ẹ má lo etí omi láé, nítorí etí omi ni ohun tí ẹ fẹ́ wọn gan-an. Ẹni tó bá kàn án mọ́lẹ̀ ti sọ ìdáhùn kó tó gbọ́ ìbéèrè. Ẹ má lo afárá Carter, wọ́n ti tún un kọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láti 1901. Ẹ má lo Marina, wọ́n ti fi yanrìn tì í sínú omi. Oríta òpópónà àtijọ́ láàrin ìlú sàn ju gbogbo wọn lọ. Ẹ sì rántí pé níbi tí igi inú irà bá wà, ìlà tí wọ́n fà ní etí omi jẹ́ etí ewé, kì í ṣe etí ilẹ̀, torí ewé ni ẹni tó wo àwòrán bàálù rí. Bí wọ́n bá gé igi, “etíkun” á sún sẹ́yìn láìjẹ́ pé erùpẹ̀ kan kúrò.

Ọ̀rọ̀ ààlà kò gùn. Ìlà tó nípọn ní ìdajì mìlímítà lórí 1:50,000 gba mítà 25 lórí ilẹ̀. Púlọ́ọ̀tì kan, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, kò fẹ̀ ju nǹkan bíi mítà 18 lọ. Ìlà kan ṣoṣo ti bo púlọ́ọ̀tì yín mọ́lẹ̀. Nítorí náà kò sí ẹni tó lè fi máàpù yìí fi ààlà hàn yín, kì í sì í fi ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà hàn. Sọ̀fé tó ní nọ́ńbà òpó ààlà ni kí ẹ gbà, kí ẹ gbé e lọ sí ọ́fíìsì awọnlẹ̀ àgbà ìpínlẹ̀ kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ìwúlò máàpù àtijọ́ fún olùrà ilẹ̀ kò ju èyí lọ: ó ń sọ ohun tí ilẹ̀ náà jẹ́ kí wọ́n tó da yanrìn sí i.

Àwọn tí irú máàpù yìí wà lọ́wọ́ wọn nílé bàbá wọn, ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí níbikíbi, a bẹ̀ yín, ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ ń di pupa, ó ń jẹ ìwé, kò sì ṣeé ṣí mọ́. Ẹ má fi ọ̀rá gbígbóná bò ó. Ẹ má ká a, ojú ibi tí wọ́n ká ni tádà ti ń kọ́kọ́ bó, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ pé orúkọ abúlé ló wà níbẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ gbalaja sínú dúrọ́ọ̀ tó fẹ̀, kí ó ga kúrò nílẹ̀ nítorí ikán àti ọ̀rinrin, kí ó má fara kan ògiri, kí oòrùn má sì dé ibẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ gbé e sí kọ̀ǹpútà, ẹ wá ẹ̀rọ tó tẹ́, tí ìwé ń dúró lójú kan lórí rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi róólà fa ìwé wọlé máa ń fa èyí tó gbó ya. Ẹ yà á ní àmì 400 nínú íǹṣì kan. Lórí 1:50,000, ẹyọ àmì kan á wá dúró fún bíi mítà 3 ilẹ̀. Ẹ fi pamọ́ ní irú fáìlì tí wọ́n ń pè ní TIFF, etí pẹ̀lú etí, títí kan ẹ̀yìn ìwé bí wọ́n bá kọ nǹkan síbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ bíi fáìlì, kì í ṣe bíi fọ́tò. Bíi fọ́tò, yóò fún un pọ̀ débi pé nọ́ńbà etí kò ní ṣeé kà, ọ̀kan náà ni pẹ̀lú kí wọ́n gé e.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ yín kò pọ̀. Nígbàkigbà tí ẹ bá tún tẹ máàpù ọ̀sà jáde, ẹ jẹ́ kí etí ìsàlẹ̀ wà lára rẹ̀, kódà bó bá gba ojú ewé méjì. Bí àyè kò bá sí, ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀: nọ́ńbà abala, síkéèlì, ọdún tí bàálù ya àwòrán tàbí tí wọ́n wọn ilẹ̀, ọdún ìtẹ̀wé, oṣù bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, àti ibi tí ojúlówó rẹ̀ wà kí ẹlòmíràn lè lọ wò ó. Ẹ fa igi síkéèlì tuntun sí i bí ẹ bá ti fẹ̀ ẹ́ tàbí dín in kù. Bí àwòrán sátẹ́láìtì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ kọ oṣù àti ọdún tirẹ̀ náà. Bí àwọn tó mú máàpù wá fún yín bá ti gé e kó tó dé ọwọ́ yín, ẹ dá a padà fún wọn kí wọ́n lọ mú odindi wá.

Àwa ni tiyín,
Àwọn awọnlẹ̀ àti olùtọ́jú máàpù kan,
Ọ̀yọ́.